Oúnjẹ Alẹ́ Tọkọtaya Àgbẹ̀, àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Kù Sílé Kí Ọjà Tó Kó Ìyókù Lọ



Ọ̀rọ̀ oko ni ìwé pélébé wa sábà máa ń bá yín sọ: bí a ti ń kọ ebè, bí a ti ń tọ́jú kòkó, bí a ti ń gba àgbàdo lọ́wọ́ kòkòrò. Ìdí ààrò ni a óò yà sí lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ àwọn ìyá wa ní ọbẹ̀ sísè, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù wá lọ ni. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé oúnjẹ alẹ́ ọkọ àti aya jẹ́ ara iṣẹ́ àgbẹ̀, àti pé láti ọjọ́ ìkórè ni a ti ń pinnu bí yóò ti rí, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń dá iná.

Ẹ wo bí ọjọ́ àgbẹ̀ ti ń lọ. Ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ni a ó fi panu, tàbí kí a rẹ gààrí sínú omi kí a sì mu ún kíá kí oòrùn tó mú. Ní ọ̀sán, iṣu sísun tàbí àgbàdo sísun ni ti oko, pẹ̀lú epo díẹ̀ bí ó bá wà nítòsí. Ọbẹ̀ gidi kì í kàn wá títí di ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nítorí náà, ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìkòkò alẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà wọ inú ara ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bẹ tọkọtaya kan ní agbègbè Ìbàràpá pé kí wọn bá mi fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ìṣirò. Ní alaalẹ́, fún ọjọ́ méje, kí olúkúlùkù máa ju òkúta kan sínú igbá tirẹ̀ bí ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà bá wà nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo padà dé, òkúta mẹ́fà ni mo bá nínú igbá baálé, méjì ni mo bá nínú ti ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ó ya baálé náà pàápàá lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ahun, kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún aya rẹ̀. Àṣà ni ó fà á. Ìyàwó a bu ọbẹ̀ fún ọkọ, a kó ẹja sí i. A bu ti àwọn ọmọ, a pín ìwọ̀nba tí ó kù fún wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi òkèlè tirẹ̀ nu ìsàlẹ̀ ìkòkò. Obìnrin náà lóyún oṣù márùn-ún nígbà náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òòyì ti ń kọ́ ọ lóko, wọ́n sì rò pé oòrùn ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìtọ́jú aláboyún, wọ́n rí i pé kò tó. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọkọ ti ta ẹ̀wà àpò méjì, ìyàwó sì ti ru gbogbo ẹyin adìẹ rẹ̀ lọ sí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Iṣu, gààrí, láfún àti àgbàdo, agbára ni wọ́n ń fún ni. Ẹni tí ń kọ ebè kò lè ṣe aláìní wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àmàlà kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ń kọ́ ẹran ara, tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ dọ̀tun, tí ń mú kí ọmọ inú dàgbà, èyí tí a ń pè ní amáradàgbà, ibòmíràn ni ó pọ̀ sí. Nínú gààrí gíráàmù 100, amáradàgbà kì í tó gíráàmù 2. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ tí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ó ju 20 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gúsí. Ti ẹ̀wà sóyà sì ju 30 lọ. Òkèlè ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán lè mú kí ènìyàn yó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, síbẹ̀ kí ara rẹ̀ máa wá ohun tí kò rí.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ ti rí ọ̀nà sí èyí láìka ìwé. Nínú àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn fi ń yangàn, ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Àdàlú, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan, dára ju bí a ti ń fojú wò ó lọ, nítorí ohun tí ó dín nínú amáradàgbà àgbàdo ni ó pọ̀ nínú ti ẹ̀wà, èyí tí ó sì dín nínú ti ẹ̀wà ni àgbàdo ń dí. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti pọ̀nmọ́ yàtọ̀. Ó dùn ún jẹ, èmi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ni. Kò lè dípò ẹja tàbí ẹ̀wà nínú ọbẹ̀.

Àwọn tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní alaalẹ́ tún ní ìdí mìíràn láti má ṣe fi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ́. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì, ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Rírẹ, kíkan, fífún, sísá àti yíyan ni ń lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe láfún lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi; ẹ jẹ́ kí ti gààrí lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú àpò kí ẹ tó yan án. Ẹni tí ó bá ṣe é tán láàárín ọjọ́ kan nítorí pé ọjà ń sáré, ohun tí kò yẹ ní jíjẹ ni ó ń gbé lọ sí ọjà. Oró díẹ̀ tí ó bá kù, ara ní ọ̀nà tí ó ń gbà pa á, ṣùgbọ́n èròjà imí ọjọ́ tí ó wà nínú amáradàgbà ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1968, Dókítà Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró dáadáa, tí ó sì máa ń ba ojú àti etí jẹ́. Ó so ó pọ̀ mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀ láìsí amáradàgbà tí ó tó. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí bí ọ̀ràn náà ti rí gan-an, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ní kí a má ṣe rẹ ẹ̀gẹ́ dáadáa, tàbí kí a máa jẹ ẹ́ láìsí ẹja àti ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ pípín. Obìnrin tí kò tíì dá ọmọ bíbí dúró ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ ní oṣooṣù. Bí ó bá lóyún, ara rẹ̀ ní láti ṣe ẹ̀jẹ̀ kún èyí tí ó wà. Ibà àti aràn inú a sì tún máa jẹ nínú rẹ̀. Èròjà irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin inú ẹran àti ẹja ni ara tètè ń gbà. Ti inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í yá bẹ́ẹ̀, àfi bí èso tútù bí ọsàn bá bá a wọlé. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kì í ṣe fàájì rárá. Tíì lẹ́yìn oúnjẹ ni kò dára, nítorí a máa dí irin lọ́nà.

A kò sọ pé kí baálé ilé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. A ń sọ pé kí a gé ẹja náà lọ́gbọọgba kí a tó bu ọbẹ̀, kí ìpín ìyàwó má ṣe jẹ́ ohun tí ó bá ṣẹ́ kù. Bí ó bá sì lóyún, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ lọ. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí àwọn méjèèjì jọ máa jẹun nínú àwo kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní àṣà àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ni èyí. Ẹni tí ojú ará ilé bá ń tì lè wọ yàrá lọ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá ti ń kọ́ obìnrin, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ nínú sì funfun, oúnjẹ nìkan kò tó mọ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú láìdúró.

Ó wá kan ìṣirò. Ẹ̀wà tí a gbìn ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, a máa ń ká a ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lù ú tán tí ẹ sì fẹ́ ẹ, kí oníbàárà tó dé, kí ọkọ àti aya jókòó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ óò se ẹ̀wà jẹ ní alẹ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó gba agolo mílíìkì méjì. Kí ẹ sì se gbẹ̀gìrì tàbí mọ́ínmọ́ín ní alẹ́ méjì, agolo kọ̀ọ̀kan. Agolo mẹ́rin nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, 208 fún ọdún kan. Bí kóńgò ọjà yín bá ń gba agolo mẹ́wàá, kóńgò 21 ni ẹ̀yin méjèèjì yóò fi jẹ alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Kò tó ìdajì àpò kan. Ẹ fi ti àwọn ọmọ àti ti àlejò kún un, kí ẹ tó pe oníbàárà wọlé. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí yóò ta ẹ̀wà rẹ̀ nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, yóò sì máa fi agolo rà á padà ní oṣù keje nígbà tí ó bá wọ́n.

Kòkòrò ni ẹ óò sọ pé kò jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́ nílé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹ sá a kí ó gbẹ títí yóò fi le bí òkúta lábẹ́ eyín, kí ẹ sì ṣà á. Ẹ ra àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá méjì tí ó nípọn ni ó wà nínú, àpò híhun sì wà lóde. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá ti inú, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ sì dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó di àpò òde. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò kú nítorí kò rí èémí mí. Ẹ má ṣe tú u fún oṣù kan ó kéré tán. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí a kún dé ẹnu, tí ọmọrí rẹ̀ le dáadáa, wúlò fún ìwọ̀n kékeré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò olómi, èyí tí a ń pè ní dichlorvos, sí ẹ̀wà. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn náà, nítorí àwọn ènìyàn ń lò ó ní ìlòkulò. Májèlé ni. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé fífọ̀ tàbí sísè yóò mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni pé ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná, ìyàwó tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ kò sì ní agbára láti máa dúró tì í. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń da káún sí i. Káún ń mú un tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba díẹ̀ nínú oore rẹ̀ jẹ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi kí ẹ tó lọ sí oko ní òwúrọ̀. Yóò tètè jinná, igi ìdáná yóò sì dín. Bí àwọn méjèèjì bá sì jọ ti oko dé, ọkọ tí ó la igi, tí ó bẹ iṣu, kò sọ nǹkan kan nù.

Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Epo pupa ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámínì A tí ojú nílò. Bí a bá yọ́ ọ títí ó fi funfun, a ti ba á jẹ́. Irú ẹ̀gẹ́ pupa rúsúrúsú tí a fi lọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2011 ní oore yìí nínú. Ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí yín ní igi rẹ̀ fún gbígbìn. Ẹni tí ó ní àkùrọ̀ lè gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí i ní oṣù kọkànlá, kí ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn má baà di ti ata nìkan.

Bí ẹ bá ti ta ẹ̀wà ọdún yìí tán, kí ẹyin adìẹ yín tó kúrò nílé, ẹ mú mẹ́ta nínú mẹ́wàá sílẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ra àpò onípele mẹ́ta náà pọ̀, nítorí owó rẹ̀ a máa dín bí a bá rà á lọ́pọ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò gbin ẹ̀wà dá owó jọ ní oṣù kejìlá, kí wọn ra ti ọdún kan lọ́wọ́ àwọn tí ó gbìn ín, kí wọn sì dì í ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan àti iye kóńgò tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara àpò.