Lọ́yà tó gba orúkọ Yorùbá rẹ̀ padà

Ní ìpàdé wa ní Enugu, ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn ọmọ kì í tán. Ọmọ tí a bí sí Coal Camp, tí Ìgbò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, Jennifer ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nílé ìwé. Ilé nìkan ló ti ń jẹ́ Adéọlá. Ẹ jẹ́ ká wo bí lọ́yà àgbà kan ṣe ṣe tiẹ̀.

Ní 1884 ni wọ́n bí Sir Adéyẹmọ Alákijà. Kì í ṣe orúkọ yìí ló fi lọ sílé ìwé o. Plácido Assumpção ló ń jẹ́, torí pé ìdílé rẹ̀, tó jẹ́ ti Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tí òwò ẹrú gbé dé Brazil kí wọ́n tó padà wálé. Iṣẹ́ pósófíìsì ló kọ́kọ́ ṣe. Ní 1910 ó lọ kọ́ òfin ní London. Ní 1913 tó di lọ́yà, ó pa orúkọ Potogí tì. Adéyẹmọ Alákijà ló fi ń rojọ́ ní kóòtù Èkó, òun ló sì gbé wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1933.

Ibi tó kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ gan-an ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹnìkejì rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní London ní 1945. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, Alákijà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, títí tó fi kú ní 1952. Kí Yorùbá ṣọ̀kan, kí èdè àti àṣà má parun, kí àwọn ọmọ rí owó kàwé: ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Ní 1948 yẹn náà ni West African Pilot ti Azikiwe àti Daily Service ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, tí ìfura Ìgbò àti Yorùbá gbóná l'Ékòó. Ẹgbẹ́ tó kó wa jọ, àwọn kan rò pé torí tiwọn la ṣe dá a sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìwé ìpè àjọ̀dún wa máa dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé wa níbí.

Ní ti orúkọ, ẹni tó bá fẹ́ yí i padà lónìí á búra ní kóòtù, á sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Òbí ló máa ń búra fún ọmọdé. Ẹ tọ́jú ìwé méjèèjì dáadáa o, torí ilé ìwé àti báǹkì máa bèèrè wọn.