Áńtírásáìtì yíyan

Áńtírásáìtì yíyan jẹ́ èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ooru líle lé omi àti gáàsì inú rẹ̀ jáde, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè sọ ọ́ di eérú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń da irin àti àwọn tó ń yọ́ mẹ́tàlì ló ń lò ó jù. Iṣẹ́ náà jọ yíyan ẹ̀pà: omi ni a fẹ́ kó lọ, ẹ̀pà kò gbọdọ̀ jóná.

Áńtírásáìtì ni èédú ilẹ̀ tó le jù, òun sì ni kábọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ jù. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ fún yíyan. Iná lè lé omi àti gáàsì lọ, ṣùgbọ́n kò lè lé àwọn èròjà amọ̀ àti iyanrìn tó ń di eérú. Ìpín wọn a tilẹ̀ máa pọ̀ sí i nígbà tí àwọn yòókù bá ti jáde. Nítorí náà, inú ilẹ̀ ni dídára rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èédú Taixi, tí wọ́n ń wà ní Ningxia ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, lókìkí nítorí pé eérú, imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kéré.

== Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ==

Àwọn kan ń lo ìléru tí wọ́n ń fi gáàsì dá, tí ooru rẹ̀ ń tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Àwọn mìíràn ń lo iná mànàmáná. Nínú ìléru oníná mànàmáná, tó ga tó sì dúró ṣánṣán, òkè ni wọ́n ti ń da èédú sí i, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná náà ń gba inú èédú fúnra rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni èédú ṣe ń gbóná. Ooru àárín ìléru lè kọjá 2,000, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kì í tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó gba àárín kọjá a máa súnmọ́ gráfáìtì ju èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Èédú náà gbọ́dọ̀ tutù kí afẹ́fẹ́ tó kàn án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbiná.

== Ìwúlò ==

Kábọ̀nù inú ọ̀pọ̀ àlòkù irin kò tó 0.5%, bẹ́ẹ̀ irin tí wọ́n fi ń da ìkòkò, páìpù àti ẹ̀yà ẹ̀rọ nílò nǹkan bí 3% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áńtírásáìtì yíyan, tí kábọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 90% sí 95%, ni wọ́n ń dà sínú irin yíyọ́ láti dí àlàfo náà. Èédú tútù léwu níbẹ̀. Bí omi bá wọ inú irin yíyọ́, yóò di ooru omi lójijì, yóò sì ta irin gbígbóná sí àwọn òṣìṣẹ́ lára. Háídrójìn inú gáàsì rẹ̀ náà a máa fi ihò wẹ́wẹ́ sínú irin tí ó ti dì. Kóòkì epo rọ̀bì tí a sọ di gráfáìtì mọ́ jù ú lọ, ó sì ń tètè yọ́ sínú irin, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Nínú iṣẹ́ alumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná yan ni wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù kábọ̀nù ìsàlẹ̀ ìkòkò tí mẹ́tàlì náà ti ń jáde. Ooru inú ìkòkò yìí tó nǹkan bí 960. Áńtírásáìtì tí wọn kò yan yóò sún kì níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù yóò sì sán; mẹ́tàlì yíyọ́ tó bá gba ojú sísán náà wọlé lè ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Wọ́n tún ń pò ó mọ́ ọ̀dà fún ẹlẹ́kítíródù irú ti Carl Wilhelm Söderberg, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Nọ́wè: ooru ìléru náà ló ń yan àpòpọ̀ yìí le bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀.