"Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Ni, Òfin Kò Jẹ́ Kí A Sọ Ọ́"

Gbólóhùn kan wà tí àwọn àjọ aláàánú òkè òkun fẹ́ràn púpọ̀ nígbà tí ọ̀gá wọn kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì tí àwọn oníròyìn sì dúró gbọin-gbọin ti ilẹ̀kùn wọn: wọn a ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, òfin kò jẹ́ kí àwọn sọ ọ́. Láti ìgbà tí ọ̀ràn àjọ aláàánú Oxfam ní Haiti ti gbòde ní oṣù Kejì ọdún 2018 ni mo ti ń fetí sí gbólóhùn yìí, bí mo sì ti ń yẹ òfin wò ni mo ń rí i pé ohun tí òfin kà léèwọ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń pè é lẹ́rìí sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ àìlera òṣìṣẹ́ àti ìyà tí a fi jẹ ẹ́, síbẹ̀ ó fàyè sílẹ̀ fún àjọ láti sọ̀rọ̀ bí ìdí tó yè kooro bá wà. Ohun tí ó ń di ahọ́n wọn gan-an ni ìbẹ̀rù ẹjọ́. Nígbà kan, ẹni tí ó bá kọ ìwé ẹ̀rí nípa òṣìṣẹ́ àtijọ́ láìsí àrankàn nínú ni òfin ìbanilórúkọjẹ́ ń ṣíji bò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, nínú ẹjọ́ Spring pẹ̀lú Guardian Assurance, ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù dá a pé bí ẹni náà kò bá fara balẹ̀ kọ ọ́, tí ìwé rẹ̀ sì dínà iṣẹ́ mọ́ onítọ̀hún, yóò san owó gbà-má-bìínú. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ wá ń kọ orúkọ, ipò, ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde nìkan, wọn a sì fi gègé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn adájọ́ náà kò ní kí ẹnikẹ́ni yadi. Kí a ṣọ́ra sọ òtítọ́ ni wọ́n wí.

Ẹ wá wo ibi tí ìyadi gbé ènìyàn dé. Ní ọdún 2011, Oxfam lé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní Haiti, mẹ́ta sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, olórí wọn níbẹ̀ wà nínú mẹ́ta náà. Wọ́n kéde pé ìwàkiwà wáyé, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ ọ̀ràn aṣẹ́wó tí ó wà nídìí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún 2012, olórí náà ti ń darí iṣẹ́ àjọ Action contre la Faim ní Bangladesh, àjọ yìí sì sọ lẹ́yìnwá pé àwọn béèrè nípa rẹ̀, Oxfam kò sì fi ìkìlọ̀ kankan ránṣẹ́.

Ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: àjọ tí kì í san owó orí ní láti kọ iye tí àwọn olórí rẹ̀ ń gbà sínú Form 990, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n ìdí tí olórí fi lọ sábà máa ń há sínú ìwé àdéhùn ìpínyà tí àjọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Òfin tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìyẹn. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì rí inú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú pé nígbà mìíràn, ìbẹ̀rù kí owó àwọn olóore má gbẹ ni ó ń fi aṣọ òfin bora.

Láti ọdún 2019 ni àwọn àjọ kan ti gbà láti máa bi ara wọn léèrè, kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, bóyá ibi tó ti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn ti dá a lẹ́bi ìṣekúṣe. Wọ́n ń béèrè, wọ́n ń gba èsì, òfin àṣírí sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.