Omi Ẹ̀rọ Tó Ń Jò Lábẹ́ Ilẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ìlera Ilé Wa Ni

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ la fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe àìsí rẹ̀ nìkan là ń wí, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ti fi owó fà láti inú odò, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti fi oògùn sí, tó wá ń ṣòfò sínú ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà. Àwa tí à ń ta oògùn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rírun àwọn ọmọ wa ni, torí pé ihò tí omi ń gbà jáde lára páìpù ni ìdọ̀tí náà ń gbà wọlé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí omi bá ń sáré nínú páìpù, ó ń fi agbára ti ara rẹ̀ síta. Bí páìpù yẹn bá tiẹ̀ lu, omi ni yóò máa tú jáde, ìdọ̀tí ìta kò ní lè wọlé. Àmọ́ tí wọ́n bá ti omi pa, tàbí tí iná lọ tí ẹ̀rọ tó ń fa omi dúró, agbára yẹn á tán. Ìwọ̀nba omi tó kù á máa ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, páìpù á wá máa fa nǹkan mọ́ra bí ìgbà tí ọmọdé ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn ló máa fà wọlé: omi gọ́tà, ẹrẹ̀, omi ṣalángá tó ti rìn gba inú ilẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tí omi bá tún dé, á gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ. Àwọn tó so ẹ̀rọ ìfami mọ́ páìpù ìjọba tààrà ń dá kún un, nítorí bí wọ́n ṣe ń fa omi náà ni wọ́n ń bá gbogbo àdúgbò fa ìdọ̀tí wọlé.

Ní àdúgbò tiwa níhìn-ín, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mapo, Beyerunka, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn agbo ilé wa ti wà kí páìpù tó dé. Ilé fara ti ilé, kànga àti ṣalángá wà nínú ọgbà kan náà, kò sì sí ibi tí páìpù máa gbà ju ojú gọ́tà lọ. Ẹni tó bá rìn gba àárín ilé yóò rí i: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí wọ́n fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ di ojú ibi tó ti jò, tí omi dúdú sì bò ó mọ́lẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, inú omi ẹ̀gbin ló ń sùn. Ti Mapo tún yàtọ̀. Orí òkè ni gbọ̀ngàn Mapo wà, níbi tí wọ́n ti ṣí i lọ́dún 1929, omi tó bá fẹ́ gun òkè yẹn nílò agbára púpọ̀. Ihò tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa ń jí agbára náà gbé. Ìdí nìyí tí àwọn ará òkè fi lè máa wo ẹ̀rọ gbígbẹ nígbà tí omi ń ṣàn lójú títì nísàlẹ̀.

Tí a bá ti ń ráhùn omi, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé kí ìjọba tún dáàmù mìíràn ṣe. Ìbàdàn kò ṣaláìní dáàmù. Ti Ẹlẹ́yẹlé lórí odò Ọ̀nà ti wà láti ọdún 1942, ti Aṣéjìré lórí odò Ọ̀ṣun sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òótọ́ ni pé ìlú ti fẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà yẹn lọ. Síbẹ̀, tí ẹnì kan bá ń bu omi sínú agbada tó lu, ṣé igbá tó tóbi jù la máa wá fún un, àbí a máa kọ́kọ́ dí agbada? Gbogbo lítà omi tó jò dànù ni wọ́n ti jó epo tàbí iná fún, tí wọ́n ti ra álọ́ọ̀mù àti kílórínì sí.

Kílórínì yìí gan-an ló kàn wá jù. Kì í ṣe pé ó pa kòkòrò ní ilé iṣẹ́ omi nìkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sínú omi láti máa ṣọ́ ọ bọ̀ lójú ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí ó kù tó mílígíráàmù 0.2, ó kéré tán, nínú lítà omi kan nígbà tí omi bá dé ẹnu ẹ̀rọ. Tí ìdọ̀tí bá wọlé lójú ọ̀nà, ara ìdọ̀tí yẹn ni kílórínì máa tán sí. Omi á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti kú. Bí àrùn onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù ṣe ń gba inú omi tó mọ́ gaara wọlé nìyẹn.

Àwọn kan rò pé ìlú aláwọ̀ funfun nìkan ló lè tún irú èyí ṣe. Ẹ wo Phnom Penh, olú ìlú Kàǹbódíà, ìlú tí ogun ti bà jẹ́ gidigidi. Lọ́dún 1993, nínú 100 lítà omi tí ilé iṣẹ́ omi wọn ń ṣe, 72 ni wọn kò rí owó rẹ̀. Òmíràn jò, òmíràn ni wọ́n jí. Ek Sonn Chan tó di olórí ibẹ̀ lọ́dún náà fi mítà sí gbogbo ilé, ti olówó àti ti ọ̀gá ológun pẹ̀lú. Ó yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ta omi lábẹ́lẹ̀, ó sì ní ikọ̀ tó ń wá ibi tó ń jò tọ̀sán tòru. Wọ́n dín owó ìfami kù fún tálákà, wọ́n sì gbà kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi di 2010, ohun tó ń ṣòfò kò ju bíi 6 nínú 100 lọ, omi sì ń ṣàn níbẹ̀ wákàtí 24. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni wákàtí 24 yẹn, nítorí páìpù tí omi kì í tán nínú rẹ̀ kì í fa ìdọ̀tí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ibi tó ń jò kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n á fi mítà ńlá sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò kan, wọ́n á wò ó ní aago méjì òru nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn. Tí omi bá ṣì ń kọjá púpọ̀ nínú mítà lákòókò yẹn, ilẹ̀ ló ń mu ún. Wọ́n á wá máa fi ọ̀pá irin kan ilẹ̀ tàbí ara páìpù, wọ́n á gbé etí lé e láti gbọ́ ariwo omi tó ń jò.

Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa lálẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Ní ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí à ń fi omi fọ̀, ẹ bu zobo díẹ̀ sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Tí pupa bá yọ nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́, ó ń jò. Ihò tó bá ń kún ife lítà kan ní ìṣẹ́jú kan yóò da 1,440 lítà nù láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní 57.

Tí omi bá dé lẹ́yìn tó ti lọ, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn fún ìgbà díẹ̀ sínú garawa, kí ẹ fi fọ ilé ìgbẹ́. Ẹ má pọn ọ́n sínú àmù. Èyí tí a fẹ́ mu, kí a jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí a fi oògùn omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, torí ìdọ̀tí á gba agbára oògùn. A tún fẹ́ sọ èyí fún àwọn ìyá wa: álọ́ọ̀mù ń mú omi tòrò ni, kì í pa kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ibi àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń yọ ẹnu nínú àlùwàlá kan. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìrun márààrún ń fi omi sẹ́nu nígbà 15 lójúmọ́, àwọn ọmọdé sì máa ń gbé e mì. Omi tí kò ṣeé mu kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ọmọ kékeré fi ń yọ ẹnu. Ẹ tọ́jú omi tiwọn lọ́tọ̀ nínú kẹ́tù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fífi omi ṣòfò. Nínú hádíìsì Anas, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, mudd omi kan ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe àlùwàlá. Mudd kan kò tó píọ̀ wọ́tà méjì. Tí ẹ̀rọ mọ́sálásí bá ń dà lítà mẹ́fà jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹnì kan sì ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lítà 18 ló ti lò.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó fẹ́ ṣe sàdáákà járíyà. Kànga Rúmà tí Sàyyídínà Uthman rà ní Mẹ̀dínà fún gbogbo Mùsùlùmí kì í ṣe kànga tuntun, ó ti wà tẹ́lẹ̀. Lónìí, bọhóòlù tuntun tí a kọ orúkọ sí lára ló wu ọ̀pọ̀ wa, kódà ní àárín ìlú níbi tí ṣalángá kò jìnnà sí i. Ẹni tó bá san owó kí wọ́n yọ páìpù agbo ilé kúrò nínú gọ́tà, kí wọ́n gbé e gba òkè, ti ṣe oore tí kò kéré, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti páìpù ìjọba tó bẹ́ lójú títì, ẹ má kàn máa pọn omi níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ilé tó súnmọ́ ibẹ̀ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò sílẹ̀. Ẹ kó ìwé náà fún alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí àwọn àgbà méjì mẹ́ta bá a gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ omi, kí wọ́n gba àmì pé wọ́n ti rí i gbà, kí wọ́n sì padà lọ wò ó lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ lè bá wa nídìí tábìlì ìlera ní mọ́sálásí, a ó bá yín kọ lẹ́tà náà.