Bí Galala Ṣe Jáde Kúrò Ní Ajégúnlẹ̀

Iṣẹ́ èbúté Àpápá ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí Ajégúnlẹ̀: Ijaw, Urhobo, Ìlàjẹ, Ìgbò, Haúsá, àti àwa Yorùbá. Orúkọ ibẹ̀ dára, Ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan, ọmọ mìíràn tó ń wáṣẹ́ kì í fẹ́ sọ pé ibẹ̀ lòun ń gbé.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni Daddy Showkey, ọmọ Ajégúnlẹ̀, jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà mọ galala. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Píjìn ló pọ̀ jù nínú orin rẹ̀, èdè tí gbogbo ojúlé gbọ́, ó sì ń dárúkọ àdúgbò rẹ̀ láìtijú. Ijó ọ̀hún ò gba owó: ọmọ kan á rí i, á kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á gbé e dé iléèwé. Daddy Fresh àti Baba Fryo náà wà nídìí ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ni, mi ò rò pé ì bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Marvelous Benji fi máa gbé suo dé, ọ̀nà ti là.

Àwọn òbí kan bínú o. Wọ́n ní ijó ìpáǹle ni, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí ọmọ má pa ìwé tì. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó jó ló rí jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó máa ń bú wọn, níbi ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo.