Bí A Ṣe Lè Tètè Gbé Ìkànnì Wa Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì Nígbà Tí Nẹ́tíwọ̀kì Bá Lọ́ra

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìdá ọdún yìí kì í ṣe ti owó yíyá tàbí ti ìpín èrè. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ló kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ nínú ìyẹn, èsì mi ni pé inú ìwé owó ni mo ti bá a pàdé.

Láti Odò-Ẹrẹ̀ títí dé Ìsánlú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti ní ìkànnì tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fi èlùbọ́, kajú àti kòkó wọn han àwọn oníbàárà tí ń bẹ ní Èkó àti Àbújá. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé owó ẹgbẹ́ kan tí mo yẹ̀ wò, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ra dátà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi akọ̀wé, ó ní àwòrán ọjà ni àwọn ń gbé lọ, pé bí ó bá dé ààbọ̀ ọ̀nà ni nẹ́tíwọ̀kì ń já, tí àwọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, iye owó ọjà ti ọdún tí ó kọjá ni ó ṣì wà lórí ìkànnì náà, iye náà ni oníbàárà kan sì dì mú nígbà tí ó dé. Owó dátà lọ, owó ọjà náà tún dín.

Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ní. Ọ̀kan ni èyí tí nǹkan ń gbà wá sọ́dọ̀ wa, bí ìgbà tí a bá ń ka ìròyìn tàbí tí a ń wo fídíò. Èkejì ni èyí tí tiwa ń gbà jáde. Ọ̀nà méjèèjì kò fẹ̀ bákan náà. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí àwọn ènìyàn ń gbà wọlé pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ, wọ́n sì fún ọ̀nà àbọ̀ láyè ju ọ̀nà àlọ lọ. Starlink pàápàá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2023, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí.

Ti fóònù tún wá ní ìdí mìíràn. Ọ̀pó nẹ́tíwọ̀kì lè fi ogún wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fọhùn, ṣùgbọ́n fóònù 4G tí ń bẹ lọ́wọ́ wa kì í sábà ju 0.2 wáàtì lọ. Ó dà bí akígbe tí ó dúró lórí òkè tí ó ń lu agogo, tí ọmọdé sì ń dá a lóhùn láti inú kòtò. Ọmọ ń gbọ́ akígbe kedere, akígbe ni kò gbọ́ ọmọ. Àwọn ilà kéékèèké tí a ń rí lókè fóònù, ohùn ọ̀pó ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò sọ bóyá ọ̀pó gbọ́ tiwa. Nítorí náà, ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, ẹ gbé fóònù sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí ọ̀pó, ẹ má gbé e sí ìyẹ̀wù lẹ́yìn ògiri méjì.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò. Bíìtì ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń sọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe yá tó, ṣùgbọ́n báìtì ni a fi ń wọn fáìlì, bíìtì mẹ́jọ ni ó sì wà nínú báìtì kan. Bí ọ̀nà àlọ yín bá ń gbé kílóbíìtì 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kílóbáìtì 50 péré nìyẹn. Àwòrán kan tí fóònù òde òní yà lè tó mẹ́gábáìtì 4. Ogún irú rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 80, yóò sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 27, bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá já rárá. Ta ni ó rí irú ìṣẹ́jú 27 bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa?

Àwa tí a ń ṣe èlùbọ́ kò ṣàì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Kò sí ẹni tí ń gbé iṣu tútù tí ó fẹ́ rò ní àmàlà lọ sí Èkó. A óò bó o, a óò sá a, omi tí ń wúwo lásán yóò gbẹ kúrò kí á tó san owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán. Èyí tí fóònù yà lè fẹ̀ tó 4000 lọ́nà 3000, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù oníbàárà kò lè fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ hàn. Bí a bá dín in kù sí 1200 lọ́nà 900, tí a sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi JPEG, èyí tí ó ti wà láti 1992, tàbí WebP tí Google gbé jáde ní 2010, ó lè má ju kílóbáìtì 200 lọ. Ogún rẹ̀ di mẹ́gábáìtì 4. Ìṣẹ́jú-àáyá 80 ni yóò gbà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ kì í padà di iṣu: ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ sílé, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ dín kù.

Ọ̀rọ̀ fáìlì wẹ́wẹ́ tún wà. Ètò FTP tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ìkànnì lọ ti pẹ́. Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà kan, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971. Ó ní láti ṣí ọ̀nà tuntun fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ó kí ará ọ̀hún, kí ó gba èsì, kí ó tó gbé ẹrù. Bí kọ̀ǹpútà tí ń gba ẹrù bá wà ní òkè òkun, ìkíni àti èsì fún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fáìlì lè gba àkókò ju ẹrù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ dì wọ́n pọ̀ sínú zip kan ṣoṣo, kí ẹ tú u lọ́hùn-ún bí ẹni tí ó gbà yín sílé bá fàyè gba ìyẹn. Zip kò dà bí èlùbọ́ o. Aṣọ tí a ká sínú àpótí ni, bí ó ti wà ni yóò ṣe jáde.

Ẹ má sì gbé ohun tí kò yí padà. Bí iye owó nìkan ni ó yí, ojú ìwé kan yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò lè ju kílóbáìtì mélòó kan lọ. FileZilla, tí a kì í san owó fún, lè fo fáìlì tí kò yàtọ̀, ó sì lè máa bá a lọ láti ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti já, bí ọ̀hún bá gbà á láyè. Èyí ni ìbá ti gba akọ̀wé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tí ó ń bá yín du ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ń dá gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ WhatsApp lọ pamọ́ láìsọ fún olówó rẹ̀. Ẹ pa á ná. Ọ̀nà àlọ tí ó kún a máa mú kí ọ̀nà àbọ̀ pàápàá lọ́ra, nítorí pé ohun tí a bá gbà gbọ́dọ̀ ní èsì tí yóò padà lọ. Ìdájí sì sàn ju ìrọ̀lẹ́ lọ, nígbà tí gbogbo ìlú ti gbé fóònù dání. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ohun tí a lè ṣe: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tí ń gba abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó sì rí i lára.

Àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ, kí ojú ìwé tí ó dárúkọ wọn tẹ̀lé e, kí oníbàárà má baà bá àlàfo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù mìíràn ṣí ìkànnì náà wò. Bí ó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni ẹ fi ra dátà, ẹ kọ ọjọ́, iye dátà àti ohun tí ẹ fi gbé sínú ìwé owó, nítorí n óò béèrè rẹ̀ bí mo bá dé.