Àrùn Ìgbẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Lára Ọmọ Ajá

Àrùn kan ń bẹ tí í pa ọmọ ajá, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 6 dé oṣù 6. Parvo ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Ní ọdún 1978 ni a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn ká ayé.

Àmì rẹ̀ nìyí: ajá yóò kọ oúnjẹ, yóò máa bì, yóò sì máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n aràn pẹ̀lú a máa fa ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú lásán dájọ́. Ẹ̀yin ará Bódìjà àti Agbowó, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ gbé e lọ, kí a yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Omi ara tí ó ń gbẹ ni í yára pa á. Nítorí náà, omi tí a fà sínú iṣan ni olórí ìtọ́jú, pẹ̀lú oògùn tí í dá èébì dúró. Ẹni tí ó bá tètè lọ ni ajá rẹ̀ sábà máa ń yè.

Kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí ajá tuntun fi ń kú ní àgbàlá kan náà. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì da bílíìṣì ife 1 pọ̀ mọ́ omi ife 30, kí ẹ fi nù ún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò lè dípò rẹ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun.